Pẹ̀lẹ́ Kẹta

Ẹsẹ̀ òsì ìyá mi wà lórí itan mi, Alákàn sì ti ń rìn lójú egbò náà, nígbà tí Dana, ọmọbìnrin àlejò wa, wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Kì í ṣe alákàn odò ni mò ń wí o. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa gé ẹran tó ti kú kúrò lójú egbò kí egbò má baà jẹ wọ eegun. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ohun tí wọn ò kọ́ ọ ni ohun tó ń jẹ́ ìrora.

Màámi di etí ibùsùn mú. "Yéè, ẹsẹ̀ mi," ni wọ́n wí.

Mo wo ilẹ̀. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe ní Ìgbẹ́tì nìyẹn láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn: bí nǹkan bá dun ẹnì kejì ẹ, ilẹ̀ ni wàá wò. Mo fi eyín tẹ ètè mi, mo rọra ń fi àtàǹpàkò pa gìgísẹ̀ Màámi, mo sì ń ka ẹsẹ̀ Alákàn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹnu mi má baà já lọ.

Dana kò wo ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gba ọwọ́ Màámi mú, ó sì fi ohùn rẹ̀ tó dà bíi ti ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ sọ ọ́: "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an ni."

Mo gbójú sókè wo Etí. Etí ni à ń pe ohun róbótó tí ìjọba kàn mọ́ ògiri gbogbo ilé tí wọ́n bá ti ń tọ́jú arúgbó. Iná aláwọ̀ ewé ló ń tàn lójú rẹ̀, iná náà kò sì yí padà. Kò yí padà rí nítorí ohunkóhun tí Dana sọ.

Màámi yí gbogbo ojú wọn sí i. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Dáná mi, o ṣé." Èmi tí ẹsẹ̀ wọn wà lórí itan mi, tí ẹ̀jẹ̀ àti omi egbò wọn wà lọ́wọ́ mi, ìpàkọ́ ni mo rí.

Dana ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Amẹ́ríkà. Lẹ́nu Màámi, ó ti di Dáná, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò mọ iná dá. Omi lásán ló gbé kaná lọ́sẹ̀ tó kọjá tó fi jóná mọ́ ìkòkò. Màámi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Èmi ni mo ha ìkòkò náà. Ẹ jẹ́ kí n má fi òótọ́ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí: mò ń jowú ọmọ náà. Mo jowú rẹ̀ láàárọ̀, mo jowú rẹ̀ lọ́sàn-án, bí mo bá sì ń pọn omi, owú ni mò ń pọn. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni kó wá wo eegun àyà mi.

Pẹ̀lẹ́ méjì ni ìjọba ti kọ sórúkọ mi. Èkíní, Màámi fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ àga, ọ̀rọ̀ náà sì já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Iná ojú Etí yí sí àwọ̀ ọsàn, ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá di pupa. Ìwé wọlé lọ́jọ́ kejì: èmi Mosúnmọ́lá, alágbàtọ́ ìyá mi, ti fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ṣe ìyá mi léṣe. Èkejì, ikọ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá fi Etí kékeré kan sí Màámi lọ́rùn ọwọ́, bí ẹ̀gbà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè bọ́. Bí ó bá di ẹ̀kẹta, wọn á gba Màámi lọ́wọ́ mi, wọn á gbé wọn lọ sí Ilé Àgbà ìjọba, níbi tí Alákàn nìkan yóò ti máa tọ́jú wọn. Èmi sì rèé, mi ò bí ọmọ, mi ò ní àbúrò. Màámi ni mo ní.

Ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí wọ́n kó Etí wọ ìlú wa. Wọ́n ní yóò gbèjà àwọn tí kò lágbára, a sì pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń gbé òkúta mábù yọ̀ ṣubú ní ojú ọ̀nà, èèyàn mọ́kànlá sì ṣe ohun tí ọmọ ènìyàn ń ṣe, wọ́n kí i ní pẹ̀lẹ́. Ìwé ẹjọ́ mọ́kànlá ló jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Etí fẹ́ mọ bí èèyàn mọ́kànlá ṣe pawọ́ pọ̀ ti ẹnìkan ṣubú. A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n ti mẹ́ta nínú wọn mọ́lé ni ẹ̀rín tán.

Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ Etí ní ọ̀rọ̀. Ó jọ pé ní èdè tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹni tó ṣẹ̀ àti ẹni tó ń báni dárò jọ ń lò, àwọn agbẹjọ́rò wọn sì ti kìlọ̀ fún wọn tipẹ́ kí wọ́n má máa sọ ọ́ káàkiri. Wọ́n wá wo pẹ̀lẹ́ tiwa, wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé ìjẹ́wọ́ ni. A kọ̀wé sí wọn. Wọ́n dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní àwọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. A gbìyànjú "ẹ rọ́jú", Etí mọ̀ ọ́n láàárín oṣù kan. A gbìyànjú "ẹ kú ewu", ó mọ ìyẹn náà. Nígbà tó yá, a pa ẹnu mọ́, a ń wo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n Etí kì í gbọ́ ohùn ọmọ Amẹ́ríkà. Ó wà nínú àdéhùn. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kó gbọ́ tiwọn.

Ìdí nìyẹn tí ìyá mi, tó ti ju ogún ọdún lọ tí ẹnikẹ́ni ti kí wọn ní pẹ̀lẹ́, yàtọ̀ sí ẹ̀ẹ̀mejì tó já bọ́ lẹ́nu mi, fi ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ láti bí ọdún kan sẹ́yìn, lẹ́nu ọmọ tí kò mọ ibi tí ìlú Ọ̀yọ́ wà kó tó wọkọ̀ wá. Kì í ṣe pé Màámi kò mọ òfin. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n egbò kò mọ òfin. Bí nǹkan bá ń dunni, ibi tí ohùn bá ti wá ni ojú ń lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán Dana nìyí: kó máa béèrè lọ́wọ́ wa ìdí tí a kò fi fẹ́ràn wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìjọba wọn rán irú rẹ̀ lọ sí ìlú bí ẹgbẹ̀rún kan káàkiri ayé, ilé kan á gbà á lálejò fún ọdún kan, á máa bá wọn jẹ, á máa bá wọn mu, á sì máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Ilé wa ni tirẹ̀ bọ́ sí. Ó lọ béèrè lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun tó ń gbé lódì kejì wa, ẹni tí wọ́n tì mọ́lé oṣù mẹ́rin nítorí ọkùnrin mábù yẹn. Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun fún un ní ọsàn, ó ní, "Àwa kẹ̀? A fẹ́ràn yín púpọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé ń dá a lóhùn. Àlejò ni, ta ló máa gbé àbùkù ka iwájú àlejò? Wọ́n á wá yìn ín pé ó gbọ́ Yorùbá. Bó bá ní "ẹ káàsán" láàárọ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo mọ oríkì bàbá mi dé ìran kẹsàn-án, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọdún Dana kù ọjọ́ kan kó pé. Awo dígí tí ìjọba kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa ti ń tàn láti ìdájí, ìbéèrè kan ló wà lójú rẹ̀: ṣé a fẹ́ kí àlejò wa lo ọdún kan sí i? Èmi ni onílé lójú òfin, àtàǹpàkò mi ni wọ́n ń retí. Bí oòrùn bá wọ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá kó ẹrù Dana lọ lọ́la. Mo ti pinnu láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́. Yóò máa lọ, Màámi á sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ku àwa méjì, wọn á sì ní láti yí ojú sí mi nítorí kò ní sí ibòmíràn tí wọ́n lè yí i sí. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Màámi ló kọ́ mi ní òwe yẹn fúnra wọn.

Nígbà tí mo di egbò náà tán, tí mo fọwọ́, Dana bá mi ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ìwé kan. Ó ní òun ti kọ ìròyìn òun parí, òun kọ ọ́ ní èdè méjèèjì, ó wá bẹ̀ mí kí n bá òun wo àmì ohùn orí èyí tó kọ ní Yorùbá, kí ó má baà sọ igbá di ìgbà. Mo ní kò burú. Mo mú pẹ́ńsù, mo jókòó sórí ọlọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ojú ìwé kejì ni mo ti rí i. Ó kọ ọ́ báyìí: "Àwọn ará Ìgbẹ́tì jẹ́ onínúure sí àlejò, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣàánú ara wọn. Bí ẹnìkan bá ṣubú lójú ọ̀nà, wọn á wo ilẹ̀, wọn á kọjá. Bí ìyá bá ń kígbe ìrora, ọmọ rẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan. Ó jọ pé àṣà wọn ni."

Àmì ohùn kan ṣoṣo ni kò fi síbi tó yẹ. Mo tún un ṣe.

Mo dìde, mo ní kó máa bọ̀. A gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé títí a fi dé ibi tí Etí kankan kò lè gbọ́ wa, níbi tí a ti ń rí gbogbo òrùlé ìlú àti ọkọ̀ okùn tó ń gba orí wáyà gbé mábù lọ sísàlẹ̀. Ó ń mí gúlegúle. Mo ní kó jókòó. Èmi ò jókòó.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́."

Ó wò mí. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀, Àǹtí Mosún? Kí lẹ ṣe?"

Ẹ ò rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì fi ẹnu mi sọ láti ọdún méjì, tí mo ń gbé mì, orí ọmọ Amẹ́ríkà ni mo ná an sí, ó sì béèrè ohun tí mo ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dùn. Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: èèyàn mọ́kànlá, Ọ̀gbẹ́ni Lánipẹ̀kun, ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti ikọ́, ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ Màámi. Mo sọ fún un pé ojú Màámi kò ríwèé kà mọ́, nítorí náà mi ò lè kọ ọ́ fún wọn. Wọn ò lè gun àpáta, àti pé bí mo bá tilẹ̀ pọ̀n wọ́n wá síbí, Etí ọwọ́ wọn á tẹ̀ lé wọn wá. Mo sọ fún un pé òun nìkan, nínú gbogbo ìlú, ni Etí kì í gbọ́.

Dana ti ń sunkún kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun láti bí ọdún kan. Mo ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ló yẹ kó fi han àlejò, ojú sì ń ti onílé. Ó nu imú. Ó wá béèrè ìbéèrè rẹ̀, èyí tó ń bi gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò mú ìwé dání.

Ó ní, "Ṣé torí Etí ni ẹ kò fi fẹ́ràn wa?"

Mo ronú sí i. Mo fẹ́ kí ìdáhùn mi jẹ́ òótọ́ nítorí pé mi ò ní rí i mọ́ lẹ́yìn ọ̀la.

Mo ní, "Etí burú, àmọ́ ẹ̀rọ ni. Ẹ̀yin gan-an kì í ṣèèyàn burúkú. Ìwọ ò burú. Ká ní o burú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹ̀yin lẹ so okùn, ọrùn wa ló wà, ẹ tún wá ń béèrè ìdí tí ọrùn wa fi wọ́. O lè gbé ilé mi fún ọdún kan kí o má mọ̀. Èmi ò lè gbé ilé mi fún ìṣẹ́jú kan kí n má mọ̀. O wá dé, o mú ọ̀rọ̀ tí ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà, o ń sọ ọ́ sí ìyá mi létí, ó sì dùn lẹ́nu ẹ. Mò ń jowú ẹ, Dana. Mo jowú ẹ débi pé nígbà míì mo máa ń fẹ́ kí egbò náà dùn wọ́n nígbà tí o kò sí nílé."

Mo gbọ́ ohun tí mo sọ lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kò ṣeé kó. Dana kò bá mi wí. Ó di eékún rẹ̀ mú, ó ń wo ọkọ̀ okùn. Ó ní òun yóò kọ̀wé sí ìjọba àwọn lónìí, wọ́n á tún un ṣe. Mo ní ó ṣeun. Ó ní òun yóò fa ohun tí òun kọ nípa wa ya. Mo ní ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà ó ronú, ojú rẹ̀ sì tàn bí ojú wọn ṣe máa ń tàn bí wọ́n bá rí ohun rere ṣe.

Ó ní, "Èmi náà ò ní sọ ọ́ mọ́. Bí ẹ̀yin ò bá lè sọ ọ́ fún ìyá yín, kò tọ́ kí èmi máa sọ ọ́. Kí àwa méjèèjì dọ́gba."

Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn débi pé mo sáré sọ̀kalẹ̀ lórí àpáta náà bí ọmọge. Mo se ọ̀sán, mo sì bu ẹran tó tóbi jù fún Dana.

Ní aago mẹ́rin, mo gbé ẹsẹ̀ Màámi sórí itan mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni Alákàn ń ṣiṣẹ́. Dana wọlé, ó kan ilẹ̀kùn lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí, Màámi sì na ọwọ́ fún un. Awo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ń tàn. Mo ṣíjú wo ojú fèrèsé, oòrùn ti ń sún mọ́ etí òkè.

Alákàn rìn dé ìsàlẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀, níbi tó jinlẹ̀ jù. Màámi kígbe. Kì í ṣe "yéè" lásán, igbe tó wá láti inú ni, ó gbé èjìká wọn kúrò lórí ìrọ̀rí.

Dana wo ilẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó tẹ orí ba, ó di ẹnu rẹ̀ pọ̀, omijé sì ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á ní Ìgbẹ́tì ni wọ́n bí i sí. Màámi dúró. Mo rí i pé wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ náà bí èèyàn ṣe ń dúró kí omi kán bọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ. Kò wá. Wọ́n yí ojú sí Dana, wọ́n rí àárín orí rẹ̀. Wọ́n wá yí ojú sí mi, ohun tí mo ti ń gbàdúrà fún láti bí ọdún kan. Èmi náà ti wo ilẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Dáná?" ni wọ́n wí. Alákàn tún gé. Wọ́n mí kànlẹ̀. "Mosún? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Ohùn wọn kéré. Mi ò gbọ́ ọ kó kéré tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá mi, tó fi ọwọ́ lílekoko tọ́ mi, tó ń béèrè lọ́wọ́ àwa méjì bóyá òun ṣẹ̀ wá. Mo ní kí n dáhùn pé wọn kò ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kún ẹnu mi, bí mo bá là á, òun ló máa jáde. Mo gbójú sókè, mo wo Etí tó wà lára ògiri, mo wo èyí tó wà lọ́wọ́ Màámi. Àwọn méjèèjì ń tàn bí ewé tútù, wọ́n ń retí mi.

Dana ti dọ́gba pẹ̀lú mi, bí mo ṣe fẹ́. Màámi nìkan ló kù tí kò ní ẹnìkan.

"Dana," ni mo wí. "Sọ ọ́."

Ó mi orí pé rárá. Ó wò mí pẹ̀lú ojú ẹni tó ti ṣèlérí.

"Bá mi sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́."

Iná ojú Etí yí sí àwọ̀ ọsàn. Mi ò mí. Ó ń wá ìjẹ́wọ́ nínú ohun tí mo sọ, kò sì rí i. Ó padà sí àwọ̀ ewé. Dana ti lóye nígbà yẹn. Ó nu ojú, ó jókòó dáadáa, ó gba ọwọ́ Màámi mú, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn.

"Mà, Àǹtí Mosún ló rán mi sí yín. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé, ẹ pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́, kò kàn ráàyè gba ẹnu wọn jáde ni."

Alákàn gé lẹ́ẹ̀kan sí i, Màámi kò kígbe. Wọn kò wò mí. Bí wọ́n bá dá èmi gan-an lóhùn, Etí ọwọ́ wọn á so ìdáhùn náà mọ́ ọ̀rọ̀ mi ìṣáájú, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Arúgbó ni wọ́n, wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Ojú Dana ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Bá mi sọ fún ọmọ mi pé mo ti gbọ́."

Dana yíjú sí mi. Ó ní, "Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."

Ẹsẹ̀ ìyá mi ló wà lórí itan mi yìí. Mo lè ka iṣan rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tiwa sì ní láti gba Amẹ́ríkà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo di egbò náà, mo rọra gbé ẹsẹ̀ náà lé orí ìrọ̀rí, mo dìde. Wọ́n ṣì di ọwọ́ ara wọn mú, Màámi ń fi àtàǹpàkò nu omijé tó kù lẹ́rẹ̀kẹ́ Dana, owú sì ta mí láyà bó ṣe máa ń ta mí, kò dín rárá. Mo lọ síbi ilẹ̀kùn. Oòrùn kù díẹ̀ kó wọ̀. Mo tẹ àtàǹpàkò mi mọ́ awo náà, mo sì fi ọdún kan gbáko sí i fún obìnrin náà láti máa bá mi ṣe ọmọ fún ìyá mi.